"Ńlá" Nìkan Kò Tó: Ọ̀rọ̀ Lórí Nínípọn Àpótí Ẹja



Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ àpótí ẹja sí pálọ̀ rẹ̀, fún ẹja aláwọ̀ wúrà tí ó fẹ́ràn omi tútù. Ó ní kí n bá òun rí oníṣẹ́-ọwọ́ kan níbí ní Ọ̀yọ́, tí ó ń lo akirílíìkì, ike tí ó mọ́ gaara bíi díńgí. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi ṣe ńlá, kí ike rẹ̀ sì nípọn." Mo rò pé mo ti sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí a gbé àpótí dé Ògbómọ̀ṣọ́ tí a sì rọ omi kún un, ojú ike náà wú síta bí ikùn aboyún. Kíá ni a gbọ́n omi náà kúrò, nítorí àwọn ọmọdé ń ṣeré níwájú rẹ̀.

Èmi tí mo ń fi ìmọ̀ èdè jẹun ni mo jẹ̀bi. "Ńlá" kò sọ ohun tí oníṣẹ́ nílò. Bí ojú àpótí bá gùn ní 120 sẹ̀ǹtímítà, tí omi rẹ̀ sì jìn ní 60, agbára tí omi fi ń tì í tó ìwúwo 216 kílógíráàmù. Bí gígùn bá di ìlọ́po méjì, ó di 432. Ṣùgbọ́n bí jíjìn ni ó di ìlọ́po méjì, ó di 864! Nítorí náà, jíjìn omi ni a kọ́kọ́ ń wò kí a tó yan ike. Fún jíjìn 60 sẹ̀ǹtímítà, nǹkan bíi 12 mìlímítà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí sábà máa ń lò, wọn a sì fi ọ̀já ike de etí rẹ̀ lókè. Tiwa jẹ́ 6.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré omi. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2022, AquaDom, àpótí ẹja akirílíìkì ńlá tí ó wà ní Berlin ní Jámánì, fọ́. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lítà omi ni ó ya jáde.

Omi tútù tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àmù àwọn ìyá wa ń làágùn: omi inú rẹ̀ ń la ara amọ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́, èyí tí ó kù a sì tutù. Àpótí tí ẹ̀rọ ń mú omi rẹ̀ tutù náà ń làágùn, ṣùgbọ́n inú afẹ́fẹ́ ni òógùn tirẹ̀ ti wá. Ike tí ó nípọn a máa dín in kù, nítorí kì í jẹ́ kí òtútù tètè dé ìta.

Àwọn kan ní èdè wa kò lè gbé irú ìmọ̀ yìí. N kò gbà. Gígùn, ìbú, jíjìn, nínípọn: gbogbo rẹ̀ ni a ní. Àní àmì ohùn nìkan ni ó ya ìbú àpótí sọ́tọ̀ kúrò lára ibú odò. Àìlò wọn ni ìṣòro wa.

Ní ìgbà kejì, mo kọ ọ́ sílẹ̀: gígùn 120, ìbú 50, jíjìn 60, nínípọn 12. Àpótí náà dúró ṣinṣin. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí ẹja.

Ire o.