Ohun tí ó wà lẹ́yìn ìtàgé: ọ̀rọ̀ wa sí àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde

Ní ọdọọdún, nígbà tí àkókò ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò JAMB bá tó, ọ̀rọ̀ kan a máa dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. Ọmọ yóò sọ pé tíátà ni ọkàn òun fẹ́. Bàbá yóò dákẹ́. Ìyá yóò bèèrè bóyá torí kí ó lè máa ṣe wèrè nínú fíìmù ni àwọn ṣe ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọn yóò ti kọ ìmọ̀ òfin tàbí ìmọ̀ ìṣírò owó sílẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Àwa kò bá àwọn òbí jà lórí ìbẹ̀rù yìí, nítorí owó tí wọ́n fi òógùn ojú wọn kó jọ ni wọ́n fi ń rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kọ́ ni gbogbo ohun tí ọmọ náà ń bèèrè.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Òṣèré tí a ń wò ni ẹẹ́fà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tí ó ya àwòrán ààfin tí ọba jókòó sí wà, àti ẹni tí ó kan pákó ààfin náà, ẹni tí ó rán agbádá ọba, ẹni tí ó mú kí òṣùpá yọ nínú gbọ̀ngàn tí kò ní fèrèsé, ẹni tí ó mú kí àrá sán, àti ẹni tí ó jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú ìwé eré níwájú rẹ̀, tí ó ń sọ fún olúkúlùkù pé iṣẹ́ tirẹ̀ ti kàn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà, inú òkùnkùn ni ọba yóò ti máa sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí ni yunifásítì ń kọ́ni gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ̀ọnà ìtàgé àti ìgbékalẹ̀ eré, òun sì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ọdún 4 ni wọ́n fi ń kọ́ ìmọ̀ tíátà. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni í kọ́kọ́ tọ́ gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ náà wò. Lẹ́yìn náà ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá sí ìṣẹ̀ọnà yóò yàn án láàyò. Yóò kọ́ láti ka ìwé eré bí akọ́lé ṣe ń wo ilẹ̀: ilẹ̀kùn mélòó ni eré yìí fẹ́, ìgbà wo ni ilẹ̀ mọ́, ìgbà wo ni ó ṣú? Yóò ya ìtàgé sórí bébà ní òṣùwọ̀n 1:25, tí ìtàgé tí ó fẹ̀ ní mítà 10 yóò fi di sẹ̀ǹtímítà 40. Yóò fi páálí kọ́ àwòṣe kékeré tí olùdarí eré lè fojú rí, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ayùn. Yóò kọ́ pé aṣọ aláwọ̀ ewé tí ó ń dán ní ọ̀sán lè dúdú bí èédú nígbà tí iná pupa bá tàn sí i. Nítorí náà, aránṣọ àti oníná kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ wọn ní àìmọ̀ ara wọn. Yóò kọ́ bí a ṣe ń ṣírò ìwúwo ohun tí a so rọ̀ sókè orí ènìyàn, ọ̀nà tí èrò yóò gbà jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ, àti bí a ṣe ń fi owó tí kò tó ṣe iṣẹ́ tí ó pé. Lítíréṣọ̀, Físíìsì, Ìṣirò, ìyàwòrán àti iṣẹ́ ọwọ́ ni ó pàdé nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí.

Ìmọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àárín wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá School of Drama rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Demas Nwoko, ọmọ Idumuje-Ugboko, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, tí ó sì kọjá sí Paris láti kọ́ nípa ìṣẹ̀ọnà ìtàgé. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìwé Amos Tutuola, The Palm-Wine Drinkard, di eré Yorùbá tí wọ́n sì ṣe é ní Ìbàdàn ní 1963, Nwoko ni ó ṣe ọnà ìtàgé rẹ̀. Ọwọ́ kan náà tí ó kọ́ ìlú àwọn òkú sórí ìtàgé ni ó padà kọ́ ilé àdúrà àwọn Dominican ní Ìbàdàn, àti gbọ̀ngàn àṣà ní ìlú Benin. Ní 2023, àfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ tí ó lókìkí jù lọ ní àgbáyé, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Venice, fún un ní Golden Lion fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Kí òbí tí ó rò pé ilé ijó ni ẹ̀kọ́ tíátà ń gbé ọmọ lọ rántí pé ó gbé ọmọ kan dé ibi tí ó ti kọ́ ilé Ọlọ́run.

Àwọn kan yóò sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ ni tiwa, kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ eré? Ó kàn wá ju bí a ti rò lọ. Eré tí Hubert Ògúnǹdé fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1944, ní Glover Memorial Hall ní Èkó, ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run ni ó dá lé lórí. Ìjọ Aládúrà kan ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta ni ó sì ṣe é fún láti wá owó ilé ìsìn. Láti 1985 ni Mike Bamiloye àti àwọn ará Mount Zion ti ń fi eré wàásù. Bí a bá sì ṣí Bíbélì wa sí Ìwé Ẹ́kísódù orí 31, a óò rí Bésálẹ́lì àti Óhólíábù níbẹ̀. Wọn kì í ṣe àlùfáà, wọn kì í sì í ṣe wòlíì. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n. Síbẹ̀, Bésálẹ́lì ni a sọ pé Ọlọ́run fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún, kí ó lè ṣe iṣẹ́ wúrà, iṣẹ́ òkúta àti iṣẹ́ igi fún àgọ́ àjọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gba orí Bíbélì yìí gbọ́ kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín iṣẹ́ ọwọ́ tí ọgbọ́n wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bọ̀ sílé. Bí ìlú kan bá wà tí ó yẹ kí irú àwọn oníṣẹ́ yìí ti máa jáde, ìlú wa ni. Ní Ajégúnlẹ̀, a kì í rin òpópónà kan já kí a má rí kápẹ́ńtà, wẹ́dà, aránṣọ, oníná àti ẹni tí ń kọ pátákó. Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ́, Urhobo, Ìlàjẹ àti Haúsá ni wọ́n, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀nà tí ó fi ń di gèlè, tí ó fi ń lù ìlù, tí ó sì fi ń sọ ìtàn. Ní Àpápá ẹ̀wẹ̀, àwọn bàbá wa ti fi ọjọ́ ayé wọn mọ bí a ṣe ń so okùn mọ́ ẹrù tí ó wúwo, tí a ó gbé e sókè láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ìmọ̀ yẹn kò jìnnà sí ìtàgé rárá. Ní ilẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́, ìtàn sọ pé àwọn atukọ̀ ni wọ́n máa ń gbà síṣẹ́ láti fa okùn tí ó ń gbé aṣọ ìtàgé sókè sódò. Ọmọ òṣìṣẹ́ èbúté tí ó bá lọ kọ́ ìṣẹ̀ọnà ìtàgé kò sá fún iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ó gbé e lọ sí iwájú ni.

Ẹ wo ibi tí iṣẹ́ wà. National Theatre tí ó wà ní Ìgànmú kò jìnnà sí wa. Nítorí àjọ̀dún FESTAC ti 1977 ni ìjọba ṣe kọ́ ọ, gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ sì gba nǹkan bí ènìyàn 5,000. Ilé-iṣẹ́ láti ilẹ̀ Bùlùgéríà ni ó kọ́ ọ, ní àwòṣe ilé kan ní ìlú Varna. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé náà fi wà ní àìbójútó, tí òjò ń wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn báńkì ti tún un ṣe, wọ́n ṣí i padà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá, 2025, pẹ̀lú orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2023 ní ibùdókọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ ní Suru-Alaba yóò kọjá Orílé, yóò sì dé ibẹ̀. Ilé ti dára báyìí. Ṣùgbọ́n iná kì í tan ara rẹ̀, aṣọ ìtàgé kì í sì í fa ara rẹ̀ sókè. Bí a kò bá ní ọmọ tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí, àjèjì ni yóò tún wá ṣe é, àwọn ọmọ wa yóò sì máa ta omi tútù lẹ́nu ọ̀nà.

A kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Iṣẹ́ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ní owó oṣù tí ó dájú. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe é, eré dé eré ni wọ́n fi ń jẹun. Kì í ṣe gbogbo yunifásítì ni ó ní irinṣẹ́ tí ó tó. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn kàn ń ka orúkọ iná nínú ìwé ni, kò fojú rí i. Ọmọ tí ó bá gbọ́n yóò máa fi ìsinmi rẹ̀ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe é lójoojúmọ́. Síbẹ̀, kí òbí tún wo àyíká rẹ̀ dáadáa. Ta ni ń to iná àti ohùn ní àwọn ìjọ ńlá Èkó? Ta ni ń ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn ìgbéyàwó, ta ni ń kọ́ ilé àti yàrá tí a ń rí nínú fíìmù? Ọ̀jọ̀gbọ́n Dúró Ọ̀ní, tí ìmọ̀ iná ìtàgé jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, di igbákejì ọ̀gá àgbà ní Yunifásítì Èkó. Ọ̀nà náà ṣe tóóró, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà tí kò já síbì kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ìpinnu wa jù ni SS1. Yunifásítì sábà máa ń béèrè Lítíréṣọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ ka tíátà. Ọmọ tí ó mọ àwòrán yà ni a máa ń tì sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì, tí yóò sì fi Lítíréṣọ̀ sílẹ̀. Èyí tí ó fẹ́ràn eré ni a máa ń tì sí kíláàsì àwọn oní-Lítíréṣọ̀, tí kò sì ní fojú kan Technical Drawing láéláé. Lẹ́yìn ọdún 3, àwọn méjèèjì á dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì: ọ̀kan kò ní èsì ìdánwò tí wọn yóò fi gbà á wọlé, èkejì kò ní ọwọ́ tí yóò fi ṣiṣẹ́. Àwa ni a ti ilẹ̀kùn náà mọ́ wọn nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 14. A bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n bèèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé kíláàsì ọmọ. A sì bẹ ilé-ẹ̀kọ́ pé kí ó jẹ́ kí ọmọ tí ó bá lè gbé méjèèjì pọ̀ gbé wọn pọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ̀bùn ọdún àjọ̀dún kò gbọdọ̀ jẹ́ àga àti àsíá nìkan. Yàrá kan tí ó ní kọ́kọ́rọ́, tábìlì iṣẹ́, ayùn, òòlù àti ẹ̀rọ ìránṣọ méjì. Iná ìtàgé díẹ̀ àti ohun èlò tí a fi ń dín ìmọ́lẹ̀ wọn kù: ìwọ̀nyí tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ oníná, wẹ́dà àti aránṣọ, ẹ fún wa ní ọjọ́ Sátidé kan ní sáà kọ̀ọ̀kan. Kí a kó àwọn ọmọ SS2 lọ sí Ìgànmú, kí wọ́n wo ẹ̀yìn ìtàgé, kì í ṣe iwájú rẹ̀ nìkan. Nígbà eré Kérésìmesì wa, kí orúkọ ẹni tí ó kan pákó ibùjẹ ẹran Bẹ́tílẹ́hẹ́mù wà nínú ìwé ètò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tí ó ṣe Màríà, kí a sì pè é jáde kí a pàtẹ́wọ́ fún un.

Orúkọ ìlú wa sọ pé ajé gúnlẹ̀. Ọ̀nà ajé pọ̀, ọwọ́ ọmọ tí ó mọṣẹ́ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kí Olúwa tí ó fi ọgbọ́n sí ọwọ́ Bésálẹ́lì fi irú rẹ̀ sí ọwọ́ àwọn ọmọ wa, kí àwa tí a bí wọn má sì di ọwọ́ náà lókùn.