Màlúù Ọdún Wa

Owó ẹran ọdún ti ń wọlé, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀.

Àjọ FAO, tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, sọ ní 2013 pé nínú afẹ́fẹ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ aráyé fi ń mú ayé gbóná, ìdá 14.5 nínú 100 wá láti inú ọ̀sìn ẹran. Ti màlúù ló pọ̀ jù: bó ti ń jẹ àpọ̀jẹ ló ń gùnfẹ̀ rẹ̀ jáde.

A ò lè ní kí màlúù má gùnfẹ̀. Ti táyà tí àwọn kan fi ń sun awọ ńkọ́? Òjé inú rẹ̀ ń wọ pọ̀nmọ́, èéfín rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran tún ń ṣàn sódò. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó da ẹ̀jẹ̀ sódò, kí ni yóò bù mu?

Èrò tiwa ni pé kí a fi omi gbígbóná bó màlúù ẹgbẹ́ lọ́dún yìí, kí a sì kó ìgbẹ́ rẹ̀ lọ sóko fún ajílẹ̀. Owó rẹ̀ lè lé díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lé. Ẹ mú èsì yín wá sípàdé.