Ẹ Dárúkọ Ìlú Fún Wa!

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè kan rèé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní "Wọlé Ṣóyínká," ibo lẹ rò pé ẹ ó bá ara yín?

Àwa tí a wà ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín, bí a bá gbọ́ Ṣóyínká, Ìsarà Rẹ́mọ, ìlú bàbá rẹ̀, ló máa kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Ọmọ Èkó lè ní gbọ̀ngàn eré ńlá tó wà ní Ìgànmú ni, nítorí pé orúkọ ọkùnrin yìí kan náà ni ìjọba fi sọ ilé yẹn ní 2024. Kò sí èyí tó gbà á nínú wa o! Abẹ́òkúta ni ọkọ̀ ojú irin yóò já yín sí.

Ní 2020 ni ìjọba àpapọ̀ pín orúkọ àwọn èèkàn ìlú fún àwọn ibùdókọ̀ tó wà lójú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín in. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Mọ́níyà n'Ìbàdàn ni wọ́n fi tirẹ̀ sí. Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Omi-Àdìó ni tirẹ̀. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ dojú kọ owó orí, Papalántò ni wọ́n gbé e lọ. Họ́wù! Ẹni tó mọ ìtàn dáadáa gan-an ló máa kọ́kọ́ ṣìnà.

Mi ò bá àwọn ẹni ọ̀wọ̀ wọ̀nyí jà. Iyì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n pátákó ibùdókọ̀ kì í ṣe ìwé oyè. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní: kó sọ ibi tí èrò dé fún un. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó pín orúkọ yìí kò wo ilé rárá.

Ẹ fojú inú wo ìyá oníṣòwò kan láti ọjà Òkè-Ajé. Ojú irin kò dé Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí náà ó wọ bọ́ọ̀sì lọ ra ọjà l'Ékòó, ó ní kí òun tibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo ọmọ òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ l'Abẹ́òkúta. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ̀rọ bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan sọ̀rọ̀ lókè orí rẹ̀, tó sì dárúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan dípò ìlú, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí? Ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de ìbéèrè. Kó tó bi ẹni tó jókòó tì í, Ìbàdàn ló ń lọ yẹn!

Ẹ wá gbọ́ kọ́ńdọ́ ní gáréèjì wa: "Ṣàgámù, Mọ́wé, Bẹ́gà, Ọjọ́ta! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣénjì yín o!" Kò dárúkọ gómìnà kankan, ìyá wa sì mọ ibi tó ń lọ. Ṣé ohun tí kọ́ńdọ́ ń fi ẹnu lásán ṣe ló wá ń ṣòro fún ọkọ̀ olówó ńlá?

Ẹnì kan á ní, "Oṣòdì ńkọ́? Ṣé kì í ṣe orúkọ ènìyàn ni?" Òun ni, Oṣòdì Tápà. Ìjẹ̀bú-Òde pàápàá, àwọn àgbà ní orúkọ Àjẹbú àti Olóde ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ará ìlú ló sọ àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn lórúkọ, ọdún ń gorí ọdún, títí orúkọ fi di ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò jókòó s'Ábùjá fi bírò pín in.

Ìjọba Èkó gbọ́n jù wọ́n lọ níbi eléyìí. Red Line tiwọn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹwàá 2024, ojú irin kan náà ló ń gbà, ṣùgbọ́n Àgbádó, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Oṣòdì, Mùṣín, Yàbá, Oyíngbó lorúkọ ibùdókọ̀ wọn. Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ní Àgbádó kan náà, ìjọba àpapọ̀ ní Lateef Jakande ni tòun ń jẹ́. Ibì kan, orúkọ méjì!

Ẹ má sì sọ fún mi pé èdè wa kò yẹ ọkọ̀ ìgbàlódé. Ní ilẹ̀ Wales, tọmọdé tàgbà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tán. Síbẹ̀, Caerdydd wà lára pátákó pẹ̀lú Cardiff, ìkéde sì ń dún ní èdè méjèèjì. Ojú kò tì wọ́n. Kí ló wá ń ti àwa lójú?

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí orúkọ ìlú wà lókè pátákó, gàdàgbà-gadagba, pẹ̀lú àmì ohùn. Kí orúkọ ẹni iyì wà nísàlẹ̀. Láti Èkó dé Ìbàdàn, kí Yorùbá ṣáájú nínú ìkéde, kí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e; kí wọ́n gbà á sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kó má baà jẹ́ pé bó bá ṣe wu òṣìṣẹ́ ọjọ́ náà ni. Kí wọ́n sì dárúkọ ibùdókọ̀ tó kàn kí ọkọ̀ tó débẹ̀, kí àgbàlagbà lè ráyè palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ní tiwa, a ṣì ń retí ọjọ́ tí ojú irin yóò dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ tó bá dé, Ìjẹ̀bú-Òde ni kí ẹ kọ síbẹ̀ o. Ọmọ Alárè kò bẹ̀ yín ní orúkọ mìíràn.