ỌTÍ INÚ Ọ̀RÁ: A KÒ NÍ FI ẸNU ÀWỌN Ọ̀GÁ SỌ̀RỌ̀



Ọ̀rọ̀ kan pín ìpàdé ẹ̀ka wa sí méjì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó wà ní ilé-iṣẹ́ ọtí ní kí ẹgbẹ́ dìde gbèjà ọtí líle inú ọ̀rá, àti ti inú ìgò kékeré tí kò tó 200 mílílítà, nítorí bí ìjọba bá fòfin dè é, ebi ni yóò pa ọmọ àwọn. Àwọn onímọ́tò dáhùn pé ọtí yìí kan náà ló ń ba ọmọ àwọn jẹ́ ní páàkì. Ariwo náà pọ̀ débi pé alága kò rí àyè sọ̀rọ̀. A ti rò ó síwá, a ti rò ó sẹ́yìn, ibi tí a dúró sí nìyí: ọtí inú ọ̀rá gbọ́dọ̀ kúrò lórí igbá, òṣìṣẹ́ kankan kò sì gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ pàdánù iṣẹ́. Ẹni tó bá ní méjèèjì kò lè ṣeé ṣe pọ̀, kò fẹ́ náwó ni.

Ẹ wo bí nǹkan yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún 13 kò lè gbé ìgò ńlá wọ kíláàsì. Ṣùgbọ́n ọ̀rá 30 mílílítà wọ inú ìbọ̀sẹ̀, ó wọ àárín ìwé, kì í sì í dún bí ìgò. Owó tí ìyá fún un pé kó fi jẹ mọ́ínmọ́ín tó o rà. Òfin kò gbà kí a ta ọtí fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ṣùgbọ́n ta ni yóò béèrè ọjọ́ orí nígbà tí mọ́tò ti ń lọ, tí ọwọ́ yọ owó láti ojú fèrèsé? Ìwádìí tí NAFDAC gbé jáde ní 2021 sọ pé nínú àwọn ọmọ tí kò tíì pé 18 tó ń mutí, 54.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń fi ọwọ́ ara wọn rà á. Wọn kò jí i. Wọ́n nawó, àgbàlagbà sì gbà á.

Àwa onímọ́tò náà jẹ̀bi. Àwọn ọmọ tó ń fò mọ́ ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì wa, ọ̀pọ̀ wọn kò tíì pé 18. Àwa náà là ń rán wọn lówùúrọ̀: "Lọ bá mi mú páràgà wá, kí o mú tìẹ." Nígbà tí ọmọ náà bá wá já bọ́ lórí eré, a ó ní ayé ló ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wá kan àwọn ọ̀gá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, ẹgbẹ́ àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ọtí bá NAFDAC àti Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìlera jókòó, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pé ọtí inú ọ̀rá yóò dópin ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2024. Ọdún márùn-ún ni wọ́n gbà láti fi pààrọ̀ ẹ̀rọ. Láti 2022 ni NAFDAC kò ti forúkọ ọtí ọ̀rá tuntun sílẹ̀ mọ́. Nígbà tí oṣù kejì 2024 pé tí òfin bẹ̀rẹ̀ sí í mú, igbe ta. Ta ni ẹ rí níwájú? Òṣìṣẹ́ ni, nínú oòrùn, pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, ní ẹnu ọ̀nà NAFDAC l'Ékòó. Ilé Aṣojú-ṣòfin dá sí i, wọ́n sún un di òpin 2025. Ní oṣù kọkànlá 2025 Ilé Aṣòfin Àgbà ní kò gbọdọ̀ sún mọ́. Ní oṣù kejìlá, ọ́fíìsì Akọ̀wé Ìjọba Àpapọ̀ ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ná. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò sí ọ̀gá kan tó wá sí ẹ̀ka wa pé, "Ẹ̀rọ tí a ó rà rèé, iye ẹni tí a ó kọ́ níṣẹ́ rèé." Àárọ̀ ọjọ́ ìwọ́de nìkan ni wọ́n rántí pé a lọ́mọ.

A kò tìtorí èyí gbóríyìn fún ìjọba. Ṣáájú 1914, owó ibodè lórí ọtí òyìnbó ju ìdajì owó tó ń wọlé fún ìjọba Gúúsù lọ láwọn ọdún kan. Nígbà tó yá, ẹni tó pọn ògógóró ní bèbè odò ni wọ́n ń kó sẹ́wọ̀n. Òfin tó bá mú ìyá onípàràgà, tó fi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, òfin ògógóró náà ni.

Nítorí náà, kí àwọn ọ̀gá yí ẹ̀rọ padà sí ìgò ńlá. Ọtí kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni yóò rọ ọ́. Ìgò sì ní fífọ̀, ó ní lílẹ̀ lébẹ́ẹ̀lì, ó ní kíkó sí páálí. A fẹ́ ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, kí ọjọ́ òfin tó pé, pé kò sí ẹni tí a ó lé láìsan ẹ̀tọ́ rẹ̀, àti pé owó iṣẹ́ kò ní dúró nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ní páàkì tiwa, a kò ní dúró de Àbújá. Àbá wa ni pé kí igbá ọtí kúrò nínú páàkì láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, kí a fún àwọn ìyá tó ń tà á láyè lọ́fẹ̀ẹ́ láti ta oúnjẹ. Dírẹ́bà tó bá rán ọmọdé ní ọtí kò ní gbé èrò fún ọ̀sẹ̀ kan. Àbá yìí ń bọ̀ níwájú ìpàdé gbogbogbòò. Ẹni tó bá ta kò ó, kó wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa, kó má lọ sọ ọ́ nídìí páràgà.