Orin Kútọnu, ìyìn Òyìnbó: àwa ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ Ara àti Èjìgbò, bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn èèyàn wa lọ sí Àbíjàn, ṣé kì í gba Kútọnu kọjá ni? Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń gba ibẹ̀. Síbẹ̀, ẹ bi àwọn ojúgbà yín léèrè Orchestre Poly-Rythmo, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ò mọ̀ wọ́n.

Ọdún 1968 ni Mélomé Clément dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n mú ìlù Sakpata, òrìṣà tí àwa ń pè ní Ṣànpọ̀nná, wọ́n fi jìtá àti fọ́ńkì Amẹ́ríkà sí i. Orin wọn lé ní 500. Èkó gan-an ni wọ́n ti wá gba púpọ̀ nínú ẹ̀ sílẹ̀, ní sítúdíò EMI. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, nǹkan dẹnu kọlẹ̀.

Ta ló wá jí wọn? Kì í ṣe àwa aládùúgbò o. Analog Africa láti Jámánì ló tún orin àtijọ́ wọn gbé jáde. Oníròyìn ọmọ Faransé kan, Elodie Maillot, ló ṣe ọ̀nà tí wọ́n fi dé Yúróòpù lọ́dún 2009. Ní 2011, Cotonou Club jáde, Angélique Kidjo bá wọn kọrin níbẹ̀, àwọn méjì nínú Franz Ferdinand, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì láti Scotland, náà dá sí i.

Ọ̀pọ̀ alárìíwísí yìn ín. Àmọ́ àwọn kan ní ohùn ẹ̀ ti mọ́ jù, pé orin àtijọ́ tí wọ́n tún kọ níbẹ̀ ò le bíi ti tẹ́lẹ̀.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó ti gbọ́ ti àkọ́kọ́ máa mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ariwo tí Òyìnbó ń wá yẹn, ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ nígbà náà ló fa púpọ̀ nínú ẹ̀. Àgbàlagbà tó wá rí ẹ̀rọ tó dáa lò, ṣé ká ní kó dá a padà kí inú olólùfẹ́ lè dùn ni?

Ohun tó ká mi lára jùyẹn lọ. Ní December 2012, Mélomé kú. Ìyìn tó tọ́ sí i láti nǹkan bí ogójì ọdún, kò jẹ ẹ́ tó ọdún mẹ́rin.

Àwọn àgbà onílù àti olórin ṣì wà ládùúgbò wa. Fóònù ọwọ́ yín ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ tọrọ àyè, ẹ fún wọn lówó, ẹ kọ orúkọ wọn sí i. Ẹ má dúró de Jámánì.