Bodè tí wọ́n tì, oníṣòwò Ìsàlẹ̀ Èkó ló jẹ gbèsè rẹ̀

Nígbà tí Ààrẹ Donald Trump ti Amẹ́ríkà kéde ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé òun yóò gba owó bodè ìdá 14 nínú 100 lórí ọjà Nàìjíríà, tó sì sọ ọ́ di 15 ní oṣù kẹjọ, ìjọba Nàìjíríà ní yóò pa àwọn tó ń kó ọjà lọ sókè òkun lára. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò Ìsàlẹ̀ Èkó ti mọ bó ṣe máa ń rí bí ìjọba bá fi ọjà jà. Ìjọba tiwọn ló kọ́kọ́ fi hàn wọ́n.

Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 2019, Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin jọ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ní ìlú Niamey. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì péré lẹ́yìn náà, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari ti bodè Sèmè pa. Àwíjàre wọn ni pé ìrẹsì tó ń gba Kútọnú wọlé ń pa àgbẹ̀ lẹ́kún, kò sì sẹ́ni tó lè ní irọ́ ni. Àmọ́ onífàyàwọ́ mọ ọ̀nà inú igbó. Ẹni tó níwèé ọjà lọ́wọ́ ni ọkọ̀ rẹ̀ dúró sójú kan, tí ọjà mìíràn sì bàjẹ́ síbẹ̀. Ní Òkè-Arin, owó àpò ìrẹsì fò sókè kí Kérésì tó dé. Ní Accra, àwọn oníṣòwò Gana, tí inú ń bí tẹ́lẹ̀, ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa.

(Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Èkó: ní 1892, ọ̀nà òwò tí Ìjẹ̀bú dí ni Òyìnbó fi ṣe àwáwí láti gbógun tì wọ́n.)

Kòrónà dé kí bodè tó ṣí, Balógun àti Ìdúmọ̀tà sì pa kanrinkése. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí Sèmè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń sọ pé ọrọ̀-ajé àgbáyé ti ń gbérí. Báwo ni ẹni tí owó òwò rẹ̀ rá sí bodè ṣe fẹ́ bá wọn gbérí? Nígbà tí náírà tún já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023, ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó kó ọjà láti Ṣáínà mọ́.

Bí ìjọba yóò bá tún ti bodè lọ́jọ́ iwájú, ó yẹ kí wọ́n fún oníṣòwò láyè láti kó ọjà tó ti wà lójú ọ̀nà wọlé. Ní 2019, òjijì ni wọ́n tì í.