Ògo Ta Ni Àsíá Amẹ́ríkà?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ti nawọ́ ọ̀tún sókè níwájú àsíá Amẹ́ríkà, tí wọ́n búra, tí wọ́n sì di ọmọ onílùú. Old Glory ni wọ́n ń pe àsíá náà lọ́hùn-ún, ìyẹn Ògo Àtijọ́. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń búra níwájú rẹ̀ mọ bí orúkọ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀.

William Driver ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá atukọ̀ tí wọ́n bí ní Salem, Massachusetts, lọ́dún 1803. Ìyá rẹ̀ àtàwọn obìnrin ìlú náà ló rán àsíá ńlá kan fún un, èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 17, tó sì fẹ̀ ní 10. Driver ń ta á sórí ọkọ̀ rẹ̀ káàkiri òkun. Nígbà tó kó lọ sí Nashville ní Tennessee lọ́dún 1837, ó gbé e dání. Bí ọjọ́ ọdún bá dé, á so ó kọ́ sójú pópó.

Lọ́dún 1861, Tennessee bá àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tí kò fẹ́ jọ̀wọ́ ẹrú ya kúrò lára Amẹ́ríkà. Àwọn alátìlẹyìn Gúúsù wá àsíá náà dé ilé Driver, ó kọ̀ jálẹ̀. Inú aṣọ ìbora onípele ló fi í pamọ́ sí, tí wọ́n sì rán an pa. Nínú ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ wà lára àwọn tó ń jà fún Gúúsù. Nígbà tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Nashville lóṣù Èrèlé 1862, ó tú aṣọ náà, wọ́n sì ta àsíá rẹ̀ sórí ilé ìjọba ìpínlẹ̀. Ibẹ̀ ni òkìkí orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàn.

Mo bọ̀wọ̀ fún akíkanjú yìí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí àsíá rẹ̀ fi ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ní Nashville, wọ́n ń ta èèyàn dúdú nílùú náà. Kí ni ògo tiwọn nínú rẹ̀? Èrò mi ni pé àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó lé ní 170,000, tí wọ́n jà lábẹ́ àsíá Amẹ́ríkà títí òwò ẹrú fi dópin lọ́dún 1865, ni wọ́n jẹ́ kí orúkọ náà ro ó.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ sọ ìtàn Driver fún àwọn ọmọ yín. Bí ẹ bá sọ ọ́ tán, ẹ má gbàgbé láti sọ tàwọn jagunjagun wọ̀nyẹn pẹ̀lú.